Bí Wọ́n Ṣe Ń Kọ́ Àwọn Tó Ń Yọ̀ǹda Ara Wọn Láti Jókòó Ti Aláìsàn Tí Ikú Rẹ̀ Kò Jìnnà

Èrò kan wà tó gbilẹ̀ tó sì ń ṣe ìpalára, pé ẹnikẹ́ni tó bá ti lójú àánú lè lọ jókòó ti ẹni tó ń lọ láìkọ́ iṣẹ́ náà. Òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò gbà bẹ́ẹ̀. Medicare, ètò ìlera ìjọba tó wà fún àwọn àgbàlagbà ní pàtàkì, ló ń sanwó hospice, ìyẹn ìtọ́jú ìtura fún ẹni tí ikú rẹ̀ kò jìnnà, láti ọdún 1983 fún ẹni tí dókítà bá fọwọ́ sí i pé ó ṣeé ṣe kó má lò ju oṣù 6 lọ mọ́. Ó sì di dandan kí ilé iṣẹ́ tó bá ń gba owó náà ní àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni, kí ó sì dá wọn lẹ́kọ̀ọ́.

Púpọ̀ nínú ẹ̀kọ́ náà kò ṣòro: pípa àṣírí mọ́, ọwọ́ fífọ̀, àti pé nọ́ọ̀sì ni kí wọ́n pè bí ọ̀rọ̀ bá di ti oògùn. Ibi tí iṣẹ́ wà ni etí gbígbọ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹnì kan á ṣe bí aláìsàn, á ní: “Mo mọ̀ pé mi ò ní pẹ́ kú.” Èyí tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ ni, “Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, ara yín á yá.” Àwa Yorùbá mọ èsì yìí dáadáa, a sì máa ń fi “Ọlọ́run ò ní jẹ́” kún un. Inú rere ló ti wá, àmọ́ ó ń pa aláìsàn lẹ́nu mọ́, nítorí ẹni tó fẹ́ sọ ibi tí ìwé ilé wà, tàbí tó fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, kò ní rójú sọ ọ́ mọ́ fún ẹni tó ti ní òun kò fẹ́ gbọ́. Wọ́n á tún un ṣe léraléra, títí akẹ́kọ̀ọ́ á fi lè béèrè pé, “Kí ló mú yín rò bẹ́ẹ̀?”, kí ó sì dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló nira jù. Ẹ̀kọ́ náà kò ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà o; aláìsàn ni yóò kọ́kọ́ béèrè fún un.

Ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ náà máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Ara tó ń palẹ̀ mọ́ kò lè lo oúnjẹ mọ́. Ńṣe ló dà bí ìgbà téèyàn ń da epo sí àtùpà tí òwú rẹ̀ ti jó tán. Oúnjẹ tí a bá fipá tì sí i lẹ́nu tilẹ̀ lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Fóòmù kékeré orí igi ni wọ́n ń kì bọ omi, wọ́n á fún omi tó pọ̀ jù kúrò lára rẹ̀, wọ́n á fi pa ètè àti inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ díẹ̀díẹ̀ kí ẹnu má bàa gbẹ. Wọ́n tún ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣáájú pé èémí lè yára, kó falẹ̀, kó dúró, kó tún bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀rù má bàa lé wọn jáde.

Òfin ní wákàtí iṣẹ́ àwọn olùyọ̀ǹda kò gbọdọ̀ dín sí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún wákàtí tí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbowó fi tọ́jú aláìsàn. Ọgbọ́n ńlá ni, torí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ikú bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń gbowó nìkan. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ka iṣẹ́ ọ́fíìsì, bíi fáìlì títò, mọ́ ìdá 5 náà, ilé iṣẹ́ kan sì lè tipa bẹ́ẹ̀ pé ojú òṣùwọ̀n nígbà tí ẹni tó ń lọ kò rẹ́ni jókòó tì í. Ó yẹ kí wákàtí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ní ìwọ̀n tirẹ̀ lọ́tọ̀.