Dọ́là kò sí nínú báàgì wa

Tí a bá ti gbé ìwé ìbéèrè ìwádìí jáde níwájú àwọn aláìsàn ní Ẹ̀pẹ́, kì í pẹ́ tí ẹnìkan á fi sọ ọ́: "Òyìnbó ti fi dọ́là ránṣẹ́, àwọn dókítà ló ń pín in mọ́wọ́. Ẹ fún wa ní tiwa." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá ẹlẹ́ja ní Ọjà Olúwo. Mo ti gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Ìkòròdú. Ẹ̀gbọ́n mi tó kàwé jù mí lọ náà sọ ọ́ sí mi lójú lọ́jọ́ ọdún. Ó máa ń dùn mí, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn dókítà ẹbí, àwọn tó ń tọ́jú onírúurú àìsàn tọmọdé tàgbà, gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu aláìsàn, mo sì mọ ohun tó wà nínú báàgì wa: ẹ̀rọ tí a fi ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ru, bírò, ìwé, àti omi ọlọ́ràá kan.

Mi ò ní dúró ṣàlàyé pé ìwádìí wúlò. Gbogbo ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ̀ pé ẹnìkan ló kọ́kọ́ bi àwọn èèyàn léèrè, tó wo bí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe ń ru, kí oògùn yẹn tó dé ọ̀dọ̀ òun. Ọ̀rọ̀ owó ni kò yé wa, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró sí.

Àkọ́kọ́ ná, ọ̀pọ̀ ìwádìí tí ẹ ń rí ní kíníìkì dókítà ẹbí kò ní owó òyìnbó kankan nínú. Dókítà tó bá fẹ́ di ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí, ì báà jẹ́ lábẹ́ West African College of Physicians tàbí National Postgraduate Medical College, gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí kan, kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó sì dúró níwájú àwọn àgbà láti gbèjà rẹ̀. Àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń ṣe é. Mo ti rí èyí tó ń fi owó oṣù ra pépà kékeré tí wọ́n fi ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, páálí kan lẹ́yìn òmíràn, tí ìyá kan sì ń bi í ní ọjọ́ yẹn gan-an pé níbo ló kó dọ́là sí.

Ìgbà tí owó òkè òkun bá wá wà, báwo ló ṣe ń rìn? Ẹ jẹ́ ká mú ti NIH, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń náwó sórí ìwádìí ìṣègùn. Ẹni tó ń wá owó á kọ ohun tó fẹ́ ṣe sílẹ̀, àwọn onímọ̀ mìíràn á yẹ̀ ẹ́ wò, èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì máa ń dá padà. Tí wọ́n bá gba ọ̀kan wọlé, kì í ṣe dókítà ni wọ́n ń sanwó fún. Yunifásítì tàbí ilé ìwòsàn ló ń gba owó náà sí àkáǹtì rẹ̀. Wọ́n ti to ìnáwó lẹ́sẹẹsẹ ṣáájú: owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, owó àyẹ̀wò, owó ọkọ̀ àwọn tó wá dáhùn ìbéèrè. Ọdọọdún ni wọ́n ń jíyìn rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tọ́jú rìsíìtì.

Owó iná, owó akọ̀wé tó ń ka owó náà, owó òrùlé tí iṣẹ́ ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ìpín tiwọn wà lọ́tọ̀. Fún yunifásítì tí kò sí ní Amẹ́ríkà, NIH kì í san ju ìdá 8 nínú 100 owó iṣẹ́ náà lọ sórí rẹ̀. Àwọn yunifásítì tó wà lọ́hùn-ún ń dúnàádúrà tiwọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń gbà ju ìdá 50 nínú 100 lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹ bá tún rí i pé wọ́n gba gírántì, ìyẹn owó ìwádìí yìí, síbẹ̀ tí jẹnẹrétọ̀ kò tàn.

Ó tún kù. Lọ́pọ̀ ìgbà, yunifásítì òkè òkun ló ni owó náà lórúkọ, ẹ̀ka kan lára rẹ̀ ni wọ́n ń gé fún tiwa. Ní oṣù karùn-ún 2025, NIH kéde pé òun kò ní fọwọ́ sí irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ fún orílẹ̀-èdè mìíràn mọ́ nínú owó tuntun títí ìlànà mìíràn á fi jáde. Ìkéde kan ṣoṣo láti òkèèrè, iṣẹ́ tí àwọn èèyàn ti múra sí dúró. Ẹni tó bá ń pín dọ́là mọ́wọ́ kì í wà lábẹ́ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ dókítà ẹbí gan-an kì í sì í tètè rí owó yìí. Owó òkè òkun fẹ́ràn iṣẹ́ tó dá lórí àrùn kan ṣoṣo: éèdì, ibà, tàbí ikọ́ ẹ̀gbẹ. Màmá àgbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tó ní ṣúgà, tí orúnkún ń dùn, tó tún gbé ọmọ-ọmọ tó ń wúkọ́ dání wá, kò bá ètò wọn mu. WONCA, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹbí lágbàáyé, rí èyí. Ní 2008, òun àti àwọn ẹgbẹ́ mìíràn bẹ̀bẹ̀ pé tó bá fi máa di 2015, kí wọ́n yọ ìdá 15 nínú 100 owó tí wọ́n ń ná sórí àrùn kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi tún ìtọ́jú alábọ́dé ṣe. Wọ́n ní láti bẹ̀bẹ̀.

Ṣùgbọ́n mi ò ní pe ẹni tó ń fura ní aláìmọ̀kan. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírunyírun ń jà ní Kano, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé, àwọn òbí sì ní wọn ò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ní 2009, Pfizer gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là kí ẹjọ́ òun àti ìjọba ìpínlẹ̀ Kano lè parí. Ìfura tó ní irú gbòǹgbò yìí kì í kú bọ̀rọ̀. Mi ò sì lè búra pé kò sí ẹnìkan níbì kan tó yí owó ìwádìí sápò. Ibi tí owó bá ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá, ó lè ṣẹlẹ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé, ní tèmi, ó jọ pé nọ́ọ̀sì tó jókòó níwájú yín kọ́ ni ẹ máa bá a lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè, àmọ́ ẹ béèrè ohun tó yẹ. Òfin Ìlera orílẹ̀-èdè wa ti 2014 sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣàlàyé iṣẹ́ náà àti ohun tó lè ṣe fún ìlera yín. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí ìwádìí náà hàn yín. Ẹ gba nọ́ḿbà fóònù tó wà lórí ìwé. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ mú owó fọ́ọ̀mù tàbí BVN wá kí gírántì òyìnbó lè jáde fún yín, ẹ má dá a lóhùn. Gbájúẹ̀ ni, wọ́n sì ti ń rìn káàkiri láti Àgbádárìgì dé ọ̀dọ̀ wa.

Ìyá ẹlẹ́ja kan bi mí láìpẹ́ yìí pé, "Ọmọ mi, èló ni tèmi níbẹ̀?" Mo ṣí ìwé sí ojú ewé kejì, mo ka ibi tí wọ́n kọ owó ọkọ̀ rẹ̀ sí fún un. Ìyá náà ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n pe ọmọbìnrin wọn láti ìdí ẹja pé kó wá bá àwọn wò ó bóyá òótọ́ ni mo kà.