Náíhílísìmù: Àrùn tí Nietzsche Tọ́ka Sí

Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé Friedrich Nietzsche, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Jámánì, ló kọ́ aráyé pé kí wọ́n má gba ohunkóhun gbọ́ mọ́, ohun tí wọ́n ń pè ní náíhílísìmù, torí òun ló kọ ọ́ pé Ọlọ́run ti kú. Ó kọ ọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó fi gbólóhùn náà sí lẹ́nu, àti àwọn tí ẹni náà ń bá wí.

Inú ìwé kan tó jáde ní 1882 ló wà. Wèrè kan tan fìtílà lówùúrọ̀ tí ojú ọjọ́ ti mọ́ kedere, ó sáré wọ ọjà, ó ń ké pé òun ń wá Ọlọ́run. Àwọn tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ pọ̀ níbẹ̀, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣé ó ṣìnà bí ọmọdé ni, àbí ó wọ ọkọ̀ òkun lọ? Wèrè náà wò wọ́n, ó ní àwa la pa á, èmi àtẹ̀yin, ta ni yóò wá nu ẹ̀jẹ̀ yìí kúrò lára wa? Nígbà tí kò sẹ́ni tó fèsì, ó la fìtílà mọ́lẹ̀, ó ní òun ti tètè dé jù.

Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín yẹn gan-an ni Nietzsche ń bá wí. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí ẹ̀sìn Kristẹni ti ń sọ fún Yúróòpù ìdí tí irọ́ fi burú, ìdí tí a fi ń jìyà, ìdí tí tálákà fi níyì bí ọba. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà ti fi ìgbàgbọ́ sílẹ̀, síbẹ̀ wọ́n rò pé ìwà rere tó bá a rìn yóò dúró fúnra rẹ̀. Nietzsche ní wọ́n ti yọ òpó, wọ́n wá ń bá ìgbésí ayé wọn lọ lábẹ́ òrùlé. Nínú àkọsílẹ̀ kan ní 1887, ó ṣàlàyé ohun tí náíhílísìmù jẹ́: àwọn ohun tí a kà sí pàtàkì jù lọ kò níye lórí mọ́, a sì bèèrè pé “nítorí kí ni?”, kò sí èsì.

Nítorí náà, náíhílísìmù kì í ṣe ìwà ìkà, kì í sì í ṣe àìgba Ọlọ́run gbọ́ lásán. Ènìyàn lè máa jẹun, kó máa ṣiṣẹ́, kó máa lọ síbi ìsìn pàápàá, kó má sì rí ohun kan tó tọ́ láti gbé ayé fún.

Ibi tí àlàyé rẹ̀ ti lágbára jù lójú tèmi ni ibi tó ti wá orísun àrùn náà. Ó ní inú ẹ̀sìn ló ti jáde. Ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ àwọn ènìyàn láti fẹ́ òtítọ́ dé góńgó, ìfẹ́ òtítọ́ yẹn ló wá yíjú padà tó yẹ ìgbàgbọ́ fúnra rẹ̀ wò. Ọmọ pásítọ̀ ìjọ Luther ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Pásítọ̀ sì ni bàbá bàbá rẹ̀ àti bàbá ìyá rẹ̀.

Oògùn tó júwe ni pé kí ènìyàn tuntun dìde tí yóò dá ohun iyì tuntun sílẹ̀. N kò lè tẹ̀ lé e débẹ̀ tán, torí ó fojú tín-ín-rín àánú. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn Násì, ẹgbẹ́ òṣèlú Hitler ní Jámánì, fi orúkọ rẹ̀ ṣe kì í ṣe tirẹ̀. Orí rẹ̀ dàrú ní ìlú Turin ní Ítálì ní oṣù kìn-ín-ní 1889, kò sì bọ̀ sípò títí tó fi kú ní 1900. Elisabeth àbúrò rẹ̀, ẹni tí ọkọ rẹ̀ kórìíra àwọn Júù, ló ń ṣàkóso ìwé rẹ̀. Hitler wà níbi ìsìnkú obìnrin náà ní 1935. Nietzsche fúnra rẹ̀ ti kọ̀wé sí Elisabeth nígbà ayé rẹ̀ pé òun kórìíra ẹgbẹ́ àwọn tó kórìíra Júù.

Ní ilẹ̀ Faransé, àwọn òǹkọ̀wé onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Sartre àti Camus gba ìbéèrè rẹ̀ lọ́nà tiwọn. Wọlé Ṣóyínká náà bá a fà á, nínú àròkọ kan tó jáde ní 1969. Nietzsche ti bèèrè ní 1872 bí àwọn ará Gíríìsì, tí wọ́n mọ bí ìyà ayé ti tó, ṣe tún ń tẹ́wọ́ gba ayé, ó sì fi òrìṣà wọn méjì dáhùn: Apollo, òrìṣà ìmọ́lẹ̀ àti ètò, àti Dionysus, òrìṣà ọtí àti ìmutípara. Ṣóyínká fi Ọbàtálá wé Apollo, ṣùgbọ́n ó ní Dionysus nìkan kò tó láti fi wé Ògún: Ògún ló kọ́kọ́ kó sínú ọ̀gbun tó wà láàrin òrìṣà àti ènìyàn, tó fi irin lànà, kí àwọn òrìṣà yòókù lè rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ wa.