Ẹni Tó Ń Kọ Orin Yín Nígbà Tí Ẹ Kò Sí Nítòsí

Ìbéèrè tí àwọn ẹgbẹ́ akọrin ìhìnrere máa ń kọ́kọ́ bi mí ni bí àwọn ṣe lè ní èrò púpọ̀ lẹ́yìn. Èmi náà a sì bi wọ́n pé: ta ni ó lè kọ ẹsẹ kejì orin yín láì wo ìwé? Iṣẹ́ tí mo ń ṣe, èyí tí í ṣe títọ́ àwọn ẹgbẹ́ akọrin sọ́nà láti ibi ìdánrawò títí dé orí pèpéle, ti jẹ́ kí n rí i pé èrò tó kún gbọ̀ngàn lálẹ́ ọjọ́ kan lè tú ká kí ilẹ̀ tó mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ti gba orin yín sẹ́nu, tó ń kọ ọ́ nídìí iṣẹ́ ilé, tó sì ń fi í gbàdúrà lóru, yóò máa wá yín kiri fúnra rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé inú orin fúnra rẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń ṣe orin wọn lọ́nà tí yóò fi hàn pé ohùn aṣáájú wọn ga, débi pé ọ̀nà ọ̀fun ẹni tó ń gbọ́ kò lè bá a dé ibẹ̀. Kò burú kí aṣáájú fò lókè bí ó bá wù ú, ṣùgbọ́n kí ègbè dúró sí kíì tí ìyá àgbà àti ọmọdé lè jọ gbé, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú, kí ó má sì yí padà nígbàkígbà tí wọ́n bá padà sí i. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gba orin náà sílẹ̀, ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síta, ẹ gba ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin (soprano, alto, tenor àti bass) sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ akọrin ìjọ mìíràn tó bá fẹ́ kọ́ ọ, kí ẹ sì fi ohùn ìlù àti dùùrù nìkan síta fún ẹni tó fẹ́ kọ ọ́ níbi tí kò ti sí onílù.

Ẹ̀rù máa ń ba àwọn kan pé wọn yóò gba orin náà mọ́ àwọn lọ́wọ́. Oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kó má ní ààlà: kí orin tó jáde, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ṣe ọ̀rọ̀, orúkọ ẹni tó ṣe ohùn, àti ìpín oníkálukú sínú ìwé, kí gbogbo yín sì fọwọ́ sí i. Bí ìyẹn bá ti wà nílẹ̀, èrè ni ó jẹ́ fún yín pé ìjọ mìíràn ń kọ orin yín. Láti ọdún 1988 ni iléeṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní CCLI ti ń fún àwọn ìjọ ní ìwé àṣẹ láti tẹ ọ̀rọ̀ orin tàbí kí wọ́n fi ẹ̀rọ gbé e sójú ògiri, tí ó sì ń pín owó náà fún àwọn tó ni orin, ní orílẹ̀-èdè púpọ̀.

Mo fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn àwọn Fisk Jubilee Singers fún àwọn ẹgbẹ́ tuntun. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá ọdún 1871, àwọn ọ̀dọ́ akọrin 9, tí a bí púpọ̀ nínú wọn sóko ẹrú, kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ Fisk ní Nashville, ní Amẹ́ríkà, láti fi orin wá owó fún ilé ẹ̀kọ́ náà nítorí gbèsè ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Orin tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ funfun ìgbà náà ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ jù, owó tó ń wọlé kò sì tó nǹkan. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n dé ìpínlẹ̀ Ohio tí wọ́n sì gbọ́ pé iná ti jó ìlú Chicago, wọ́n kó owó tí wọ́n rí, èyí tí kò tó dọ́là 50, fún àwọn tí iná sọ di aláìnílé. Ní oṣù kọkànlá, níwájú àpéjọ àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run ní Oberlin, wọ́n gbé orin ẹ̀mí tí àwọn òbí wọn ń kọ nínú ìgbèkùn jáde, èyí tí wọn kì í fẹ́ kọ ní gbangba tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀nà sì ti là fún wọn. Ní ọdún 1873 wọ́n kọrin fún Ọbabìnrin Victoria, owó tí wọ́n kó délé ni a sì fi kọ́ ilé Jubilee Hall. Orin tó jẹ́ tiwọn gan-an ló mú àwọn ènìyàn, àwọn tó sì ń dáwó mọ ohun tí wọn yóò fi owó náà ṣe.

Ìtàn Edwin Hawkins kúrú ju ìyẹn lọ. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, ẹgbẹ́ akọrin ọ̀dọ́ tó ń darí ní California gba orin sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Berkeley, wọ́n sì fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn ta àwo náà láti rí owó ìrìn àjò. Orin kan nínú rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn onírédíò, nígbà tó sì di ọdún 1969, ó ti tàn kálẹ̀ káàkiri ayé. Rédíò ni àwọn ènìyàn máa ń yìn nínú ìtàn yìí. Ní tèmi, àwọn tó kọ́kọ́ fi owó ara wọn ra àwo lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n mọ̀ lójú ni mo máa ń rántí.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí mo fi ojú ara mi rí. Ẹgbẹ́ kan tí mo ń tọ́ sọ́nà ṣe ìpàgọ́ orin, gbọ̀ngàn kún, orin wọlé, a sì lọ sílé tayọ̀tayọ̀ láì gba orúkọ ẹnì kan ṣoṣo sílẹ̀. Nígbà tí àwo tuntun jáde lẹ́yìn oṣù díẹ̀, kò sí ọ̀nà tí a lè gbà kàn sí àwọn ènìyàn náà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń yan ẹni méjì sí ẹnu ọ̀nà kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe kàn gba nọ́ńbà wọn nìkan o. Bí ẹ bá fẹ́ lo àtẹ ìfiránṣẹ́ alápapọ̀ ti WhatsApp (broadcast list), ẹni 256 ni àtẹ kan ń gbà, ẹni tó bá sì ti fi nọ́ńbà tiyín pamọ́ sórí fóònù rẹ̀ nìkan ni iṣẹ́ náà máa ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kí ó tẹ nọ́ńbà yín sórí fóònù níṣojú yín, kí ó sì fi orúkọ ẹgbẹ́ yín sí i. Ojú ìwé Facebook àti YouTube dára láti fi rí àwọn àlejò, ṣùgbọ́n onílé ló ń pinnu ẹni tó máa rí ohun tí ẹ gbé síbẹ̀.

Ohun kan tún wà tó ya akọrin ìhìnrere sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn olórin yòókù: àwọn tó ń gbọ́ wọn máa ń kó ẹ̀dùn ọkàn wọn wá. Ẹnì kan yóò kọ̀wé pé orin yín ni òun ń gbọ́ nígbà tí òun wà lórí ibùsùn àìsàn, òmíràn yóò ní kí ẹ bá òun gbàdúrà nítorí ọmọ. Ẹ yan ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò fúyẹ́ nínú ẹgbẹ́ láti máa ka ìwọ̀nyí, kí ó dá wọn lóhùn ní orúkọ, kí ó sì padà béèrè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan bí nǹkan ti rí. Ẹ má ṣe gbé ẹ̀rí ẹnikẹ́ni síta láti fi polówó orin láì gba àṣẹ rẹ̀. Mo ti rí ẹgbẹ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, odidi ìjọ kan ló sì ta wọ́n nù, nítorí pé wọ́n tú àṣírí arábìnrin kan síta.

Ní ti sùúrù, ẹ wo Blind Boys of Alabama, ẹgbẹ́ akọrin ìhìnrere àwọn afọ́jú ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1939 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin pọ̀ nílé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú ní Talladega, àmọ́ ọdún 2002 ni àmì ẹ̀yẹ Grammy tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Láàárín ìgbà náà, àwọn kan kú, àwọn kan kúrò, àwọn mìíràn wọlé, àwọn olólùfẹ́ wọn kò sì fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, nítorí ohùn àjùmọ̀kọ ni wọ́n ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ tó bá gbé gbogbo orin rẹ̀ lé aṣáájú kan lórí ti gbé àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ lé e lórí pẹ̀lú, bí ẹni náà bá sì lọ, wọn yóò bá a lọ. Nígbà ìdánrawò tó ń bọ̀, ẹ ní kí aṣáájú yín jókòó, kí ẹlòmíràn lé orin tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn jù.