Fífi sọ́fítíwíà ṣírò ásíìdì àti béèsì inú omi odò àti òkun

Omi òjò o, omi odò o, omi kànga o, omi òkun o, kò sí èyí tó jẹ́ omi lásán nínú wọn. CO2 ń wọ inú wọn látinú afẹ́fẹ́, òkúta ń yòrò sínú wọn, ewé tó ń jẹrà náà ń da ásíìdì tiẹ̀ sí i, gbogbo ẹ̀ ló sì ń pinnu pH omi náà, ìyẹn òǹkà tó ń fi bí ásíìdì inú ẹ̀ ṣe pọ̀ tó hàn (bó bá ṣe kéré sí ni ásíìdì ṣe pọ̀ sí). Tí nǹkan inú omi ò bá pọ̀ èèyàn lè fọwọ́ ṣírò ẹ̀, àmọ́ tó bá ti pọ̀, ìṣirò kan á máa dúró de òmíràn, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí omi fi ń lo sọ́fítíwíà.

CO2 ló ṣe pàtàkì jù. Tó bá wọ omi, á di ásíìdì kábónííkì, èyí á yọ hydrogen ion (hydrogen tó ní chájì pọ́sítíìfù) kan sílẹ̀, á di báíkábónéètì, báíkábónéètì náà lè yọ òmíràn, kó di kábónéètì. Nínú omi tí ò níyọ̀, ní 25°C, pK (pH tí ìdajì ásíìdì náà á ti yọ hydrogen ion ẹ̀ sílẹ̀) ti àkọ́kọ́ jẹ́ 6.35, ti èkejì 10.33. Sọ́fítíwíà á kó gbogbo irú ìbáṣepọ̀ yìí jọ, á rí i pé ohunkóhun tó wà nínú omi ò sọnù àti pé chájì pọ́sítíìfù àti négátíìfù dọ́gba, á wá máa wá pH kan ṣoṣo tó bá gbogbo ẹ̀ mu.

Fún omi abẹ́ ilẹ̀, PHREEQC lọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀, ti USGS ni, àjọ tó ń ṣèwádìí ilẹ̀ àti omi ní Amẹ́ríkà. Ó ti inú PHREEQE tó jáde ní 1980 wá, David Parkhurst gbé PHREEQC jáde ní 1995, ẹ̀dà kẹta tí òun àti Tony Appelo jọ ṣe jáde ní 2013, ọ̀fẹ́ sì ni, ẹnikẹ́ni lè dáńlóòdù ẹ̀. Ká ní èèyàn fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí òjò bá kan òkúta ẹfun, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò fún sìmẹ́ǹtì. Nínú PHREEQC, á kọ SOLUTION fún omi lásán, á kọ EQUILIBRIUM_PHASES (ibi tí wọ́n ń to gáàsì àti òkúta tó kan omi náà sí) tẹ̀ lé e, á fi CO2(g) sí -3.38, torí log iye CO2 inú afẹ́fẹ́ báyìí nìyẹn, bíi 420 nínú mílíọ̀nù kan. pH tó máa jáde á tó 5.6, ìyẹn ni pé òjò tó mọ́ tónítóní pàápàá ní ásíìdì díẹ̀ nínú. Tó bá wá fi Calcite 0 kún un, ìyẹn ni pé kí ohun tó wà nínú òkúta ẹfun máa yòrò títí omi ò fi ní lè gbà á mọ́, pH á gòkè dé bíi 8.2. Àpẹẹrẹ yìí kéré lóòótọ́, àmọ́ ó dáa gan-an fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, torí ó fi hàn pé òkúta abẹ́ odò ló ń gbèjà odò lọ́wọ́ ásíìdì.

Ibi tí òkúta ẹfun ò ti sí, wàhálà wà níbẹ̀. Gíráníìtì ló pọ̀ ní gúúsù Norway, nígbà tí òjò tí èéfín ilé iṣẹ́ Yúróòpù ti sọ di ásíìdì ń rọ̀ síbẹ̀ ní sẹ́ńtúrì tó kọjá, ẹja kú tán nínú ọ̀pọ̀ adágún. MAGIC, sọ́fítíwíà tí onímọ̀ Cosby àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kọ sílẹ̀ ní 1985, wà fún irú ìyẹn, ó ń tọpa bí iyẹ̀pẹ̀ ṣe ń pàdánù calcium àti magnesium fún ọ̀pọ̀ ọdún, àti bó ṣe máa pẹ́ tó kí omi tó sàn tí èéfín bá dínkù.

Ti òkun yàtọ̀. CO2SYS tí Ernie Lewis àti Doug Wallace ṣe ní 1998 ni wọ́n ń lò jù, ó ti wà ní Excel, MATLAB àti Python báyìí. Nǹkan mẹ́rin ni wọ́n máa ń wọ̀n: pH, alkalinity (agbára tí omi ní láti pa ásíìdì kú), àpapọ̀ káábọ̀n tó yòrò, àti pCO2 (bí CO2 inú omi ṣe ń tì tó). Tó o bá ti ní méjì, pẹ̀lú iyọ̀ àti bí omi ṣe gbóná tó, sọ́fítíwíà á bá ẹ wá méjì yòókù. Àmọ́ iyọ̀ òkun máa ń yí pK padà, ní 25°C àti salinity 35 (bíi gíráàmù iyọ̀ 35 nínú kìlógíráàmù omi kan) ti àkọ́kọ́ á bọ́ sí bíi 5.85, ti èkejì sí bíi 8.97, ẹni tó bá lo ti omi odò fún òkun ti ṣìnà pátápátá. Èyí tó tún léwu jù ni pH scale, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n gbà ka pH, torí ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjì nínú wọn, NBS àti total, tó bíi 0.1, bẹ́ẹ̀ iye tí pH ojú òkun fi wálẹ̀ látìgbà tí ilé iṣẹ́ ti pọ̀ láyé náà ò ju bíi 0.1 lọ! Ẹni tó bá yan scale tí kì í ṣe tiẹ̀ lè rí àyípadà tí ò ṣẹlẹ̀ rárá, sọ́fítíwíà ò sì ní kìlọ̀ fún un.

Omi dúdú inú igbó Amazon àti Congo tún nira ju ìyẹn lọ. Ásíìdì ewé tó ti jẹrà wọnú alkalinity tí wọ́n wọ̀n ní lábù, sọ́fítíwíà á ṣèbí báíkábónéètì ni gbogbo ẹ̀. Onímọ̀ Abril àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fi èyí hàn ní 2015, nínú àwọn omi kan pCO2 tí wọ́n ṣírò ju ìlọ́po méjì èyí tí wọ́n wọ̀n lọ. Nírú omi bẹ́ẹ̀, ó sàn kí wọ́n wọn pCO2 fúnra ẹ̀, tàbí kí wọ́n lo sọ́fítíwíà WHAM tàbí Visual MINTEQ, tí wọ́n lè ka ásíìdì ewé yẹn mọ́ ìṣirò.