Ọyẹ́ Kọ́ Ló Ń Bó Ọ̀dà Ilé Yín

Kò sí ọdún tí ọyẹ́ máa dé sí Ilé-Ifẹ̀ tí n kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnu péńtà kan ní Lágere ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni ìyàwó àbúrò mi sọ ọ́, lẹ́yìn náà bàbá onílé kan tí mo rò pé ó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. "Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bó ọ̀dà ilé." Wọ́n á sọ ọ́ bí ẹni pé ọyẹ́ ní èékánná. Àlàyé tí wọ́n sì ń ṣe dùn létí: ṣebí ọyẹ́ yìí náà ló ń la ètè wa, tó ń la gìgísẹ̀ wa, tó ń mú kí pákó ilẹ̀kùn súnkì. Kí ni ọ̀dà jẹ́ tí kò fi ní bó?

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi wọ́n. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lu òkè ògiri àti èyí tó ń fẹ́ lu ìsàlẹ̀, ṣé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni? Kí ló dé tí ọ̀dà tó wà lẹ́bàá àjà ṣì ń dán, tó jẹ́ pé láti orúnkún wá sílẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń bó bí awọ ejò? Ọyẹ́ wo ló ga mọ orúnkún?

Omi ni. Inú ilẹ̀ ló ti ń bọ̀, ó sì ń gba inú búlọ́ọ̀kù gòkè. Bí mo bá ti sọ báyìí, ẹ̀rín ló máa ń tẹ̀lé e. Omi kẹ̀, nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró láti oṣù kọkànlá, tí eruku ti bo gbogbo ewé lójú ọ̀nà Oǹdó? Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wo inú kànga. Nínú oṣù kìíní, omi kànga á fà sẹ́yìn, okùn á gùn sí i, àmọ́ mélòó nínú àwọn kànga wa ló ń gbẹ táútáú? Bí omi bá ṣì wà nísàlẹ̀ kànga, ọ̀rinrin ṣì wà nínú amọ̀ pupa tí ìpìlẹ̀ ilé jókòó lé.

Ohun tí kì í wọ àwọn èèyàn létí ni pé omi lè gòkè láìsí ẹni tó fà á. Ẹni tó bá ti tan àtùpà rí kò yẹ kó bá mi jiyàn lórí èyí. Ta ló ń pọn kẹrosíìnì láti inú ìkòkò àtùpà dé ibi tí iná wà? Òwú ni. Àwọn ihò tín-ín-tìn-ìn-tín tó wà nínú òwú ló ń fà á, bí ihò bá sì ṣe kéré tó ni ohun tó ń gba inú rẹ̀ ṣe ń ga sí i. Búlọ́ọ̀kù oníyanrìn kún fún irú ihò bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé búlọ́ọ̀kù gbígbẹ kan sínú abọ́ omi tí kò jìn, kí ẹ padà wá wò ó lọ́la. Ẹ ò ní nílò ọ̀rọ̀ mi mọ́.

Ó ku iyọ̀. Ìyẹ̀fun funfun tó máa ń yọ lára ògiri lásìkò ọyẹ́ ti dá ìjà sílẹ̀ nínú agboolé tí mo mọ̀. Wọ́n ní ẹnìkan ló wá da iyọ̀ sí ìdí ilé. N kò sọ pé aráyé ò burú, ṣùgbọ́n ẹni tó máa da iyọ̀ tó máa yọ yíká ilé oníyàrá mẹ́fà, báàgì mélòó ló rù wá, tí ajá ò sì gbó o? Ilẹ̀ ní iyọ̀ tirẹ̀, sìmẹ́ǹtì ní tirẹ̀. Ibi tí àkìtàn tàbí ṣáláńgá ti wà rí tún ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi ló ń pò ó mọ́ra bó ṣe ń gòkè. Ní ìgbà òjò, afẹ́fẹ́ tutù, ògiri kì í tètè gbẹ, iyọ̀ á wà nínú omi, ojú ò ní rí i. Bí ọyẹ́ bá dé, omi á gbẹ, iyọ̀ á ṣẹ́kù, á dì sẹ́yìn ọ̀dà, á sì máa tì í síta. Ẹ wo iyọ̀ inú ilé ìdáná yín: nínú oṣù keje á rin, nínú oṣù kìíní á gbẹ gbòjò. Àmù tí ara rẹ̀ ń rin tún ńkọ́? Bí wọ́n bá ti lò ó pẹ́, funfun kì í sábà wọ́n níta rẹ̀, kò sì sí ọ̀tá tó da iyọ̀ sí àmù.

Nítorí náà, ọyẹ́ kò mọ́ pátápátá. Ó lọ́wọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí omi nínú ògiri, kò ní rí nǹkan kan ṣe.

(Àbúrò mi tó wà ní Kánádà náà ti dá sí i. Ó ní ká máa ti páìpù wa pa bí òtútù bá mú, kó má baà bẹ́. Òótọ́ ni lọ́dọ̀ tiwọn: omi tó bá di yìnyín máa ń fẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100, kò sì sí páìpù tó fẹ́ràn ìyẹn. Ṣùgbọ́n òtútù Ifẹ̀ kò sún mọ́ òdo rárá. Páìpù tó bá bẹ́ ní Mọ́ọ̀rẹ̀ nínú oṣù kìíní, ẹ wá ẹlòmíràn dá lẹ́bi.)

Ohun tó ń bí mi nínú gan-an wá ni lẹ́tà mẹ́ta yìí: DPC. Ohun tó ń dí ọ̀rinrin lọ́nà ni wọ́n dúró fún, ìyẹn ìpele kan tí omi kò lè gbà kọjá, bí i ọ̀rá dúdú tó nípọn, tí wọ́n ń tẹ́ sí abẹ́ kọnkéré ilẹ̀ àti sí abẹ́ ìlà búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́. Àmọ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé níhìn-ín, bí bíríkìlà bá sọ pé "ilé ti dé DPC," ohun tó ń sọ ni pé wọ́n ti da German floor, ìyẹn kọnkéré ilẹ̀ tí wọ́n ń dà lé ìpìlẹ̀ kí wọ́n tó mọ ògiri. Onílé á ya fọ́tò, á fi ránṣẹ́ sí ọmọ tó wà lókè òkun, ìyẹn á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, á fi owó búlọ́ọ̀kù ránṣẹ́. Orúkọ ti dé. Ọ̀rá ò dé.

Mo ti béèrè lọ́wọ́ bíríkìlà mẹ́ta. Ọ̀kan ní kọnkéré yẹn fúnra rẹ̀ ni DPC. Èkejì ní àwọn ti da oògùn tó ń dí omi sí sìmẹ́ǹtì. Ẹ̀kẹta rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rá ẹgbẹ̀rún mélòó lẹ fẹ́ rà?" Kọnkéré tí wọ́n pò dáadáa tí wọ́n sì gún mọ́lẹ̀ lè dín ọ̀rinrin kù, n kò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti rí bí wọ́n ṣe ń pín báàgì sìmẹ́ǹtì kan fún ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ yanrìn, kó rọra máa fi kọnkéré búra. Àwọn tó tilẹ̀ tẹ́ ọ̀rá pàápàá, wọ́n á tún lọ fọwọ́ ara wọn bà á jẹ́: ó yẹ kí ìpele yẹn fi ó kéré tán mìlímítà 150 ga ju ilẹ̀ ìta lọ, àmọ́ lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n á da yanrìn sí àgbàlá, wọ́n á to interlock lé e, ilẹ̀ ìta á wá ga ju ti inú ilé lọ. Omi á fo ọ̀rá kọjá bí ìgbà tí ewúrẹ́ fo ọgbà.

Ìtàn sọ fún wa pé Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló ní kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ilẹ̀ Ifẹ̀ kí ẹrẹ̀ má baà máa ba aṣọ òun jẹ́. Àwọn èèyàn wọ̀nyẹn mọ̀ pé ìsàlẹ̀ lọ̀rọ̀ omi wà. Àwa ń kun òkè.

Èmi náà jẹ nínú rẹ̀. Mo kun ìsàlẹ̀ ògiri pálọ̀ mi ní glọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tó bó, mo lẹ tàìlì sí i ní ìlà mẹ́ta. Lọ́dún kejì, àbàwọ́n yọ lókè tàìlì, ó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Omi tí a dí lójú ibi tó ti ń gbẹ jáde á kàn wá ibi tó ga sí i ni. Nǹkan kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ilé alámọ̀ àtijọ́ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lára: amọ̀ inú kò rí ibi mí mọ́, á máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn èèpo sìmẹ́ǹtì.

Ṣé gbogbo ògiri tó ń bó ló wá jẹ́ omi ilẹ̀? Ó ṣeé ṣe kó máà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Omi ilẹ̀ kì í sábà ga ju mítà kan lọ. Bí ti yín bá ga jù bẹ́ẹ̀, tàbí tó jẹ́ ojú kan péré, ẹ wo ilé ìwẹ̀ tó wà lẹ́yìn ògiri náà, ẹ wo páìpù, ẹ wo ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ tó ń ta sí ìdí ilé. Ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ ègé ọ̀rá kan mọ́ ògiri yíká, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí omi bá wà lẹ́yìn ọ̀rá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú ògiri ló ti wá; bó bá jẹ́ ojú tó kọjú sí yàrá, afẹ́fẹ́ inú ilé ni ká fura sí. Kì í ṣe ẹ̀rí tó lè dá ẹjọ́, ṣùgbọ́n ó sàn ju ọ̀rọ̀ péńtà lọ.

Ẹni tó bá wá sọ pé òun ní kẹ́míkà tí òun máa fín sára ògiri tí gbogbo rẹ̀ á tán lọ́jọ́ kan, ẹ ní kó kọ́kọ́ fi ilé tó ti ṣe lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn hàn yín. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni gé ìsàlẹ̀ ògiri gbọọrọ lẹ́ẹ̀kan náà nítorí pé ó fẹ́ ki ọ̀rá bọ̀ ọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gé e, tó bá jẹ́ pé ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń ṣe é. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì iná bá wà lára ibi tó ń rin, ẹ pa iná rẹ̀ láti ibi mítà kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀, kí ẹ sì pe oníná.

Ní tèmi, mo ti ní kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ìta wálẹ̀, mo ti ní kí wọ́n ṣí tàìlì náà kúrò, wọ́n sì ti ha sìmẹ́ǹtì ara ògiri dànù dé ìgbáròkó. Ó ti tó oṣù méjì tó ti wà ní ìhòòhò báyìí. Àlejò á wọlé, á wò ó, á ní, "Ọyẹ́ ọdún yìí mà le o."