Ilé ìtọ́jú tí ìkìlọ̀ kò lè gba etí wọlé: bí ààbò àwọn adití ṣe ń ṣiṣẹ́

Nínú ọ̀pọ̀ ilé ìtọ́jú, etí ni wọ́n fi ń ṣọ́ ilé. Aago ìkìlọ̀ iná á ké, òṣìṣẹ́ á kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé, ẹni tó bá ṣubú ní balùwẹ̀ á pariwo, ẹni tó wà ní yàrá kejì á sì gbọ́. Níbi tó bá jẹ́ pé adití ló ń gbé, tàbí adití tí kò tún ríran, gbogbo okùn wọ̀nyí ti já. Ohun tó kù láti máa béèrè nípa ohun gbogbo nínú ilé náà ni pé: ọ̀nà wo ni ọ̀rọ̀ máa gbà dé ọ̀dọ̀ ẹni yìí, ọ̀nà wo sì ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ máa gbà jáde?

Iná ló rọrùn jù láti fi ṣàlàyé rẹ̀. Wọ́n á so ẹ̀rọ tó ń mọ èéfín mọ́ iná tó ń kọ mànà léraléra ní yàrá, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ní balùwẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó sùn ti di ojú, nítorí náà wọ́n á fi ohun pẹlẹbẹ kan tó ń gbọ̀n sábẹ́ ìrọ̀rí tàbí sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Adití tí kò ríran máa ń so ẹ̀rọ kékeré mọ́ ọwọ́ tàbí ìgbànú: bó ṣe ń gbọ̀n fún àlejò tó dé ẹnu ọ̀nà yàtọ̀ sí bó ṣe ń gbọ̀n fún iná. Ẹ̀rọ náà kì í sì í wà lára nígbà ìwẹ̀ tàbí nígbà tí wọ́n bá ń ṣáájì rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ètò ìsákúrò fi gbọ́dọ̀ sọ òṣìṣẹ́ tó máa lọ bá ẹnì kọ̀ọ̀kan, lọ́sàn-án àti lóru. Láàárín àwọn adití tí kò ríran ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, ẹni tó bá fi ìka fa àmì X ńlá sí ẹ̀yìn ẹlòmíì ti sọ fún un pé ewu dé, kó tẹ̀lé òun kíá, àlàyé á tẹ̀lé e tó bá yá. Àmì náà wúlò gan-an, bí wọ́n bá ti fi dánra wò ṣáájú. Ẹni tí wọn kò kọ́ rí á kàn rò pé wọ́n ń gbọn nǹkan kúrò lẹ́yìn òun ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni èdè. Àwọn adití kì í ṣe irú kan náà. Ẹni tí wọ́n bí sínú èdè ọwọ́ wà, ẹni tó dàgbà kí etí rẹ̀ tó di wà, tó jẹ́ pé ìwé ló fẹ́ kí wọ́n fi bá òun sọ̀rọ̀. Àwọn kan ní àrùn Usher. Láti kékeré ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ti gbọ́ dáadáa. Ìríran alẹ́ á kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ẹ̀gbẹ́ ojú á máa ṣókùnkùn títí tó fi máa dà bíi pé inú páìpù ni wọ́n ti ń wòran. Ẹni tó bá ń ju ọwọ́ káàkiri níwájú irú wọn ń sọ̀rọ̀ dànù ni. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ wà lójú kan, kó kéré. Tí ojú bá wá lọ tán, ẹni náà á gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé ọwọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, á máa fi ìfọwọ́bà gbọ́ ọ. Níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Jámánì, àtẹ́lẹwọ́ ni ọ̀pọ̀ ń lò: Hieronymus Lorm, òǹkọ̀wé ará Austria, ló ṣètò álífábẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tẹ̀ sí i ní 1881. Fún ẹni tí wọ́n bí láìríran láìgbọ́ràn, ohun tó ṣeé dì mú ló lè jẹ́ ọ̀rọ̀: táwẹ́ẹ̀lì fún ìwẹ̀, ṣíbí fún oúnjẹ.

Òṣìṣẹ́ tó fi ọjọ́ méjì kọ́ èdè ọwọ́ lè béèrè bóyá ebi ń pa ènìyàn. Kò lè yé e nígbà tí ẹni náà bá ń sọ pé ẹnì kan gbá òun lóru àná. Ẹni tó ń fi orí gbá ògiri lè jẹ́ ẹni tí eyín ń dùn, kí wọ́n kọ “oníwà ipá” sínú ìwé rẹ̀, kí oògùn ìpalọ́lọ́ sì tẹ̀lé e. Àléébù tí mo kà sí èyí tó burú jù nìyí, nítorí kò sí iná tó ń kọ mànà tó lè tú u fó. Ó tún ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo tó gbọ́ èdè ẹni náà ni ẹni tó ń ṣe é níbi. Torí náà ni wọ́n fi máa ń pe ògbufọ̀ láti ìta tí ẹ̀sùn bá wà, kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé náà, kì í sì í ṣe mọ̀lẹ́bí.

Ara ni ìkíni ti ń bẹ̀rẹ̀ fún adití tí kò ríran. Òṣìṣẹ́ á fọwọ́ kan èjìká rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, á dúró díẹ̀, á sì jẹ́ kó fọwọ́ kan ohun tó fi ń dá òun mọ̀, bí òrùka tàbí aago ọwọ́. Abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń na ọwọ́ sí, wọn kì í gbá ọwọ́ rẹ̀ mú láti òkè. Ọwọ́ yẹn ni ojú rẹ̀, òun náà sì ni ẹnu rẹ̀. Tí wọ́n bá ń lọ, wọ́n á sọ, kó má baà máa bá òfìfo sọ̀rọ̀. Àga kì í kúrò láyè rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n fi hàn án.

Ní England, Care Quality Commission ló ń bẹ irú ilé báyìí wò. Ìbéèrè 5 ni wọ́n ń béèrè: ṣé ààbò wà, ṣé ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́, ṣé àánú wà níbẹ̀, ṣé ilé náà ń dáhùn sí ohun tí oníkálukú nílò, ṣé ìdarí rẹ̀ sì dára. Láti 2016 ni ìlànà kan ti wà níbẹ̀ pé kí ilé ìtọ́jú béèrè ọ̀nà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbà gbọ́ ọ̀rọ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì tẹ̀lé e. Ìwé lè mọ́ kó sì dán. Bí ìwé bá sọ pé ẹnì kan “kọ̀ láti kópa”, olùbẹ̀wò tó mọṣẹ́ á béèrè èdè tí wọ́n fi pè é. Á tún béèrè ìwé iṣẹ́ alẹ́, èyí tí ọ̀pọ̀ ẹbí kì í rántí, torí ọ̀sán ni wọ́n ń wá, nígbà tí àwọn tó gbọ́ èdè ọwọ́ pọ̀ nílé. Á ka iye àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní aago méjì òru, á sì béèrè èwo nínú wọn ló lè gbọ́ ohun tí ọwọ́ ń sọ.