h-index: bí wọ́n ṣe ń fi ìtọ́kasí to àwọn olùwádìí ìṣègùn ní ipò

Lọ́dọọdún la máa ń gbọ́ pé ọ̀jọ̀gbọ́n kan ti wọ inú ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ta yọ jù lágbàáyé. Yunifásítì á gbé e sórí Facebook, àwọn ènìyàn á máa kí i kú oríire. Oríire náà tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iye aláìsàn tí dókítà wò sàn ni wọ́n kà kí wọ́n tó fi í sípò yẹn. Ìtọ́kasí ni wọ́n kà.

Bí olùwádìí bá gbé àpilẹ̀kọ jáde nínú jọ́nà, tí ẹlòmíràn wá kọ tirẹ̀, tó sì dárúkọ ti ẹni àkọ́kọ́ lára àwọn iṣẹ́ tó lò, ìtọ́kasí kan nìyẹn. Ọ̀dọ̀ Web of Science, Scopus àti Google Scholar, àwọn àkójọ àpilẹ̀kọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n ti sábà máa ń kà á, iye wọn kì í sì í bára mu. Google Scholar máa ń ka tẹ́síìsì, ìwé àti àpilẹ̀kọ tí kò tíì dé jọ́nà mọ́ ọn, nítorí náà tirẹ̀ ló sábà máa ń pọ̀ jù. Ẹni tó bá fi iye Google Scholar tirẹ̀ wé iye Scopus ti ẹlòmíràn kò tíì wé nǹkan kan.

Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì California ní San Diego, ló dá h-index sílẹ̀ ní 2005. Ẹ to àpilẹ̀kọ ẹni náà láti orí èyí tí ìtọ́kasí rẹ̀ pọ̀ jù wá sí èyí tí tirẹ̀ kéré jù, kí ẹ fún wọn ní nọ́ńbà láti 1 lọ. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn tí ìtọ́kasí àpilẹ̀kọ ibẹ̀ ṣì tó nọ́ńbà náà ni h-index.

Ẹ jẹ́ ká mú dókítà méjì. Àpilẹ̀kọ márùn-ún ti ẹni àkọ́kọ́ ní ìtọ́kasí 400, 12, 6, 3 àti 1. Ẹ̀kẹta ní 6, ó tó. Ẹ̀kẹrin ní 3, kò tó 4. h-index rẹ̀ jẹ́ 3. Àpilẹ̀kọ méje ti ẹnì kejì ní 25, 21, 18, 15, 11, 9 àti 4. Ẹ̀kẹfà ní 9, ó tó. Èkeje ní 4, kò tó 7. Tirẹ̀ jẹ́ 6. Àpapọ̀ ìtọ́kasí ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ 422, ti ẹnì kejì 103 péré, síbẹ̀ ẹnì kejì ló ga ní ìlọ́po méjì. Ohun tí h-index wà fún nìyẹn, kí àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo má ṣe gbé ènìyàn ga. Àbùkù rẹ̀ náà nìyẹn, nítorí àpilẹ̀kọ oní-400 yẹn lè jẹ́ èyí tó yí ìtọ́jú àìsàn kan padà.

h-index kì í sì í lọ sílẹ̀, kódà bí ẹni náà bá ti fẹ̀yìn tì, àgbà ló ń ṣe lóore jù. Hirsch fúnra rẹ̀ dá a lábàá pé ká fi iye ọdún láti ìgbà àpilẹ̀kọ àkọ́kọ́ pín in: ẹni tó ní 30 láàárín ọdún 15 ní 2, ẹni tó ní 40 láàárín ọdún 40 ní 1. Ẹ̀ka iṣẹ́ náà tún ṣe pàtàkì. Àwọn tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ pọ̀ gan-an, wọ́n sì ń tọ́ka sí ara wọn kíákíá. Oníṣẹ́ abẹ eyín kò ní irú èrò bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Kò tọ́ kí a fi h-index àwọn méjèèjì sí orí ìwọ̀n kan náà.

Ibi tó le jù nínú ìṣègùn ni iye òǹkọ̀wé. Iṣẹ́ Global Burden of Disease, ìwádìí tó ń ṣírò àìsàn àti ikú káàkiri àgbáyé, tí ilé ìwádìí ìlera IHME ní Seattle ní Amẹ́ríkà ń darí, máa ń ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún òǹkọ̀wé, àwọn mìíràn lé ní ẹgbẹ̀rún, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìtọ́kasí tí irú àpilẹ̀kọ bẹ́ẹ̀ ń gbà máa ń wọ àpò olúkúlùkù wọn ní pípé. Wọn kì í pín in. Ẹni tó fi dátà ìlú rẹ̀ ránṣẹ́ àti ẹni tó darí iṣẹ́ náà gba iye kan náà.

John Ioannidis ti Yunifásítì Stanford àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló wá ojútùú sí èyí, inú iṣẹ́ wọn ni àtòjọ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún yẹn ti wá. Orí Scopus ni wọ́n gbé e kà. Nǹkan mẹ́fà ni wọ́n ń wò: àpapọ̀ ìtọ́kasí, h-index, h-index tí wọ́n ti fi iye òǹkọ̀wé ṣe àtúnṣe sí, ìtọ́kasí àwọn àpilẹ̀kọ tí ẹni náà dá kọ, ti èyí tó dá kọ tàbí tó jẹ́ òǹkọ̀wé àkọ́kọ́, àti ti èyí tó dá kọ, tó jẹ́ àkọ́kọ́, tàbí tó jẹ́ ìkẹyìn. Máàkì ọ̀kọ̀ọ̀kan kò lè ju 1 lọ, wọ́n á sì ro mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, nítorí náà máàkì tó ga jù jẹ́ 6. Nínú ìṣègùn, ẹni tó ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ló sábà máa ń ṣáájú, ọ̀gá tó darí rẹ̀ á sì kẹ́yìn. Ẹni tó bá ń wà láàárín ní gbogbo ìgbà lè ní h-index tó ga fíofío, kí máàkì rẹ̀ níhìn-ín má sì tó nǹkan.

Àtòjọ méjì ni wọ́n sì ń gbé jáde: ọ̀kan wo gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ ènìyàn, èkejì wo ọdún kan péré. Wọ́n tún ń fi hàn bí máàkì ṣe rí tí a bá yọ ìtọ́kasí tí ẹni náà tọ́ sí ara rẹ̀ kúrò. Bí ìkéde kò bá sọ èyí tó jẹ́, ẹ béèrè.

Ìtọ́kasí kì í ṣe ìyìn, ẹ jọ̀ọ́. Àpilẹ̀kọ dókítà Andrew Wakefield, tó so abẹ́rẹ́ àjẹsára MMR (ti measles, mumps àti rubella) mọ́ autism, tí jọ́nà The Lancet gbé jáde ní 1998, tí wọ́n sì fagi lé ní 2010, wà lára àwọn àpilẹ̀kọ tí wọ́n fagi lé tí wọ́n tọ́ka sí jù, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó tọ́ka sí i sì ṣe bẹ́ẹ̀ láti takò ó. Àwọn kan sì wà tó ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti máa tọ́ka sí ara wọn. Ní 2023, ó lé ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí Clarivate, ilé iṣẹ́ tó ni Web of Science, kò jẹ́ kó wọ àtòjọ àwọn tí wọ́n ń tọ́ka sí jù tirẹ̀ nítorí irú ìwà bẹ́ẹ̀ àti àwọn mìíràn tó jọ ọ́.

Fún àwa tí a ń jẹ́ orúkọ Yorùbá, ìṣòro kan tún wà tí kò kan bí iṣẹ́ ṣe dára tó. Jọ́nà kan á kọ Ọlásùbọ̀mí láìsí àmì, òmíràn á sọ àmì ìsàlẹ̀ di ohun tí kò ṣeé kà. Ìyàwó ilé á yí orúkọ padà tàbí kó fi dáàṣì so méjì pọ̀. Ẹni tó fi orúkọ ìdílé ṣáájú á rí i pé orúkọ àbísọ ni kọ̀ǹpútà mú bí orúkọ ìdílé. Scopus á wá pín ènìyàn kan sí méjì. Bí h-index ẹni náà bá jẹ́ 5 ní ọ̀kan àti 4 ní èkejì, kì í ṣe dandan kó jẹ́ 9 lápapọ̀ o, àtúntò gbogbo àpilẹ̀kọ ló máa sọ iye náà, ṣùgbọ́n títí di ìgbà yẹn, 5 ni ayé ń rí. Ẹ gba nọ́ńbà ORCID, nọ́ńbà ìdánimọ̀ olùwádìí, ọ̀fẹ́ ni, ó jẹ́ dígíìtì 16, kí ẹ máa kọ ọ́ sí gbogbo àpilẹ̀kọ tí ẹ bá fi ránṣẹ́. Ẹ yan bí ẹ ó ṣe máa kọ orúkọ yín, ẹ má sì yí i padà. Bí Scopus bá ti pín yín, ẹ̀yin fúnra yín lè fi ìwé ìbéèrè sí orí ìkànnì wọn pé kí wọ́n pa á pọ̀.